Ẹ Fi Èṣù Sílẹ̀ Jàre, Gòjé Ni Kí Ẹ Wò

Olótùú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa orin blues, orin ìbànújẹ́ àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà, àti àwọn oníjìtá ilẹ̀ Áfíríkà, mo kà á tán mo tún padà kà á, torí ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ jìtá etí mi máa ń nà síbẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ta tẹ́nọ̀ jìtá nínú bándì jùjú kan kí ìka mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mi ò ní dárúkọ ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́, owó mi kan ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Inú mi dùn pé ìwé ìròyìn Yorùbá lè ya odindi ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, àmọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀nà tí ẹ gbé e gbà yẹn ò délé. Ẹ ní Yorùbá ló ni blues. Ẹ ní ìtàn oríta tí wọ́n ń sọ ní Mississippi, ní gúúsù Amẹ́ríkà, Èṣù wa ni wọ́n ń sọ, àti pé ìlù tiwa ló di jìtá lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òǹkàwé kan tún kọ lẹ́tà pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀, pé Amẹ́ríkà ló ni nǹkan wọn, pé Ali Farka Touré, oníjìtá ará Mali tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ yẹn, orin John Lee Hooker, akọrin blues ará Amẹ́ríkà, ló jí kọ. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí ni, torí ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣì í, ọ̀kan gba apá ọ̀tún kọjá ilé, èkejì gba apá òsì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí Èṣù bẹ̀rẹ̀, kó má baà bínú.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Robert Johnson, oníjìtá blues kan tí wọ́n bí ní 1911 tó sì kú ní 1938, lọ dúró sí oríta lóru ọ̀gànjọ́, ọkùnrin dúdú gìrìwò kan yọ sí i, ó gba jìtá lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún okùn ẹ̀ fà, ó dá a padà fún un, láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sí ẹni tó lè bá a ta á mọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ìtàn yẹn mọ́? Tommy Johnson ni, oníjìtá blues mìíràn, òun àti Robert ò sì bá ara wọn tan rárá, ẹ̀gbọ́n Tommy ló sọ ọ́ fáwọn tó wá ṣèwádìí, nígbà tó yá ni aráyé bá gbé e lọ sọ́rùn Robert. Ó dáa, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá tó gbọ́ oríta, tó tún gbọ́ ọkùnrin tó ń ṣílẹ̀kùn fúnni lóríta, ara ẹ̀ á yá gágá, ara tèmi náà yá nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan náà ti sọ pé Èṣù wa, àbí Légbà àwọn ará Dahomey, ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń sọ ní Mississippi, ó ń ra ọkàn èèyàn, ó máa ń padà wá gba gbèsè ẹ̀, ìyẹn ìtàn Sátánì táwọn òyìnbó ti ń sọ láti ìgbà láéláé. Ìgbà wo ni Èṣù tiwa wá ń ra ọkàn? Ẹbọ ló ń gbà, epo ló ń jẹ, àdín lèèwọ̀ ẹ̀. Tó bá fẹ́ ṣe ọ́, ó kàn máa dà ọ́ láàmú ni, kò ní fún ọ ní ìwé pé kó o wá sáìnì.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni ibi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ. Amẹ́ríkà fòfin de kíkó ẹrú tuntun wọlé ní 1808. Nígbà yẹn Ọ̀yọ́ ò tíì fọ́ tán o. Ogun tó kó àwọn èèyàn wa rẹpẹtẹ lọ sétí òkun, lẹ́yìn ìgbà yẹn ló gbóná, Kúbà àti Bàhíà ní Brazil sì ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ Lùkùmí ní Kúbà, tí ẹ ń gbọ́ Nàgó ní Bàhíà, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá lọ́hùn-ún nìyẹn, tí wọ́n sì ń lu bàtá fún Ṣàngó ní Kúbà di bí mo ṣe ń tẹ lẹ́tà yìí. Ẹ wá wò ó báyìí, ibi tí bàtá gúnlẹ̀ sí, wọn ò bí blues níbẹ̀, ibi tí wọ́n bí blues, bàtá ò débẹ̀ nígbà yẹn. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ò ti tó?

Ìlù pàápàá, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní 1739 àwọn ẹrú dìde ní South Carolina lẹ́bàá odò Stono, wọ́n ń lu ìlù bí wọ́n ṣe ń rìn lọ, àwọn ẹrú yòókù ń gbọ́ wọ́n ń wá bá wọn. Ọdún tó tẹ̀lé e, 1740, ìjọba ibẹ̀ ṣòfin pé ẹrú ò gbọdọ̀ lu ìlù mọ́, kò gbọdọ̀ fun fèrè, kò gbọdọ̀ lo ohunkóhun tó lè pariwo pe ara wọn jọ. Òyìnbó ò gbọ́ èdè ìlù àmọ́ ó mọ̀ pé ìlù ń sọ nǹkan. Nǹkan olókùn ni wọn ò kà sí, okùn ò lè pe ẹnikẹ́ni láti máìlì méjì, iwájú ilé lèèyàn á jókòó sí tí á máa ta á jẹ́jẹ́. (New Orleans ò rí bẹ́ẹ̀ ṣá o, wọ́n ṣì ń lu ìlù níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Benjamin Latrobe, òyìnbó ayàwòrán ilé kan, dé gbàgede wọn ní 1819, ó rí ìlù, ó sì tún rí nǹkan olókùn kan tí wọ́n fi igbá ṣe, ó yàwòrán ẹ̀ sílẹ̀.)

Igbá yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí.

Nígbà táwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrú lọ sí Louisiana, ilẹ̀ tí New Orleans wà, ní 1719, èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wọn, láti Senegambia ló ti gbéra, àwọn Bambara, àwọn Wolof, àwọn Mandinka, àwọn èèyàn tí okùn ti wà lọ́wọ́ àwọn babańlá wọn. Àwọn Bambara ní ngoni, igi tí wọ́n gbẹ́ bí ọpọ́n kékeré tí wọ́n wá fi awọ bò, okùn ẹ̀ lè jẹ́ mẹ́rin ó lè jẹ́ méje. Àwọn Wolof ní xalam tó jọ ọ́ bí ìbejì. Àwọn Jola tó wà ní Gambia àti gúúsù Senegal ní akonting, igbá ni wọ́n fi ṣe tiwọn, ọwọ́ ẹ̀ gùn bí ọ̀pá ìpẹja, okùn mẹ́ta, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrú, àtàǹpàkò ló ń ta ìyẹn. Ẹ lọ wo bánjò àwọn ará Amẹ́ríkà kí ẹ padà wá bá mi, okùn kúkúrú yẹn wà lára ẹ̀, àtàǹpàkò ló ṣì ń ta á, èékánná ìka tó kù á máa gbá okùn lọ sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn Jola ṣe ń ṣe é. Ará Gambia kan, Daniel Laemouahuma Jatta, Jola ni, òun ló lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi han aráyé pé nǹkan yìí àti bánjò, ọmọ ìyá ni wọ́n. Láti 1687 tí Hans Sloane ti dé Jamaica ló ti rí àwọn ẹrú tó ń ta nǹkan onígbá olókùn, bẹ́ẹ̀ sì ni Thomas Jefferson kọ ọ́ sílẹ̀ ní Virginia lọ́wọ́ ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀lé e pé Áfíríkà làwọn ẹrú ti gbé e wá. Ọ̀rọ̀ yìí ò fara sin fún ẹnì kankan nígbà yẹn, ẹ̀yìn ìgbà táwọn aláwọ̀ funfun gba bánjò tán ni gbogbo wọn wá gbàgbé.

Ẹ ó ní kí ló kàn wá níbẹ̀, àwa tó jẹ́ pé ìlù la mọ̀. Gòjé ńkọ́?

Ṣé ẹ ò mọ gòjé ni? Igbá ni, awọ àlégbà ni wọ́n fi ń bo ojú ẹ̀, irun ìrù ẹṣin ni okùn ẹ̀, irun ìrù ẹṣin náà ni ọrún tí wọ́n fi ń fà á. Ọ̀nà òkè ọya ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa, òun àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù jọ rìn ni, àwọn oníṣákárà wa bá gbà á, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Ẹni tó bá ti jókòó ti rẹ́kọ́ọ̀dù Yusuf Olatunji Baba L'Ẹ́gbàá rí, tó kú ní 1978, á mọ ohun tí mò ń sọ. Tí baba bá fẹ́ kọrin, gòjé á kọ́kọ́ sọ ọ́, baba á wá sọ ọ́ tẹ̀lé e, tí baba bá dákẹ́ gòjé á gbẹ̀yìn ẹ̀, kò ní dúró lórí ohùn kan gbọingbọin bíi dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, á máa yọ́ gorí ohùn ni, á máa yọ́ bọ́ sílẹ̀, á gbọ̀n díẹ̀, á wá sinmi síbi tí o ò ti retí. Àwọn Songhai ní Mali ń pe tiwọn ní njarka, okùn kan ṣoṣo náà ni. Ali Farka Touré mọ̀ ọ́n ta dáadáa.

Ohùn èèyàn náà ńkọ́? Ẹni tó bá ti gbọ́ ajíwéré lóru ààwẹ̀ rí, bí wọ́n ṣe ń fa gbólóhùn kan tí wọ́n á yí i ká bí ẹni ń ká okùn kànga, kó lọ gbọ́ orin táwọn ẹlẹ́wọ̀n dúdú kọ lóko ẹ̀wọ̀n Parchman ní Mississippi tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1947. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí jìtá, ohùn nìkan. Òpìtàn kan tó ń jẹ́ Sylviane Diouf máa ń lo ọ̀kan nínú àwọn orin yẹn fáwọn èèyàn, á wá lo ìpè ìrun sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ká gbọ́ méjèèjì pọ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ wò lórí fóònù mi, ìyàwó mi jáde láti inú yàrá ó ní ṣé Asri ti tó ni.

Ibi tí mò ń lọ nìyẹn. Okùn ló so wá mọ́ blues. Kì í ṣe ìlù wa, kì í sì í ṣe Èṣù wa. Nǹkan kan náà tó gba ilẹ̀ gbígbẹ òkè lọ́hùn-ún sọ̀kalẹ̀ wá bá wa tó di sákárà, òun náà ni wọ́n dè ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ sí Louisiana tó di nǹkan mìíràn lọ́hùn-ún. Ìbátan la jẹ́ o, a kì í ṣe bàbá wọn. Gerhard Kubik, òyìnbó ará Austria tó fi ayé ẹ̀ ṣèwádìí orin Áfíríkà, ohun tóun náà rí nìyẹn, ó ní ilẹ̀ ọ̀dàn tó na gbọọrọ láti Senegal títí dé ọ̀nà Cameroon ni kí wọ́n wá ẹbí blues lọ, kì í ṣe ẹ̀bá òkun níbi tí ìlù ti pọ̀.

Ó wá ku lẹ́tà òǹkàwé yẹn. Ẹ̀gbọ́n, àbí àbúrò, mi ò mọ ọjọ́ orí yín ẹ má bínú, ẹ ní Ali Farka jí orin kọ. Wọ́n bí i ní 1939. Kékeré ló ti mú njurkel lọ́wọ́, jìtá olókùn kan táwọn ará ọ̀hún máa ń ṣe, nígbà tí ẹnì kankan ò tíì gbé rẹ́kọ́ọ̀dù John Lee Hooker dé agbègbè wọn. Ní 1956 ló rí Fodéba Keïta ará Guinea àtàwọn oníjó ẹ̀, ó rí jìtá lọ́wọ́ wọn, ó ní òun náà á ta á, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ látorí njurkel ló sì kó lọ sórí jìtá. Ìparí àwọn ọdún 1960 ló tó gbọ́ Hooker. Ohun tó máa ń sọ nípa ọjọ́ yẹn ni pé òun rò pé ará Mali ló ń kọrin ni, òun ò mọ ibi tí ará Amẹ́ríkà ti rí orin ilé àwọn. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó gbọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà dáadáa lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn ní Radio Mali ní Bamako, rẹ́kọ́ọ̀dù ń kọjá lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni tó bá ní etí á gbọ́ pé díẹ̀ lára bí Hooker ṣe ń tẹ béèsì ẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ ọwọ́ ẹ̀. Ṣé èèyàn tó bá pàdé àbúrò bàbá ẹ̀ lójú ọ̀nà tó gba fìlà lórí ẹ̀ dé wò, olè ni?

Èmi mọ ohun tó ṣe é lọ́jọ́ yẹn torí ó ṣe èmi náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí orílẹ̀-èdè Niger ló mú káṣẹ́ẹ̀tì kan bọ̀, kò sí orúkọ lára ẹ̀, wọ́n kàn fi báírò kọ nọ́ńbà kan sí i. Mo fi sínú rédíò, mo ní hà, ta ló ń fi jìtá ṣe gòjé báyìí? Mo rò pé oníṣákárà kan ni owó dé ọwọ́ ẹ̀ tó lọ ra jìtá oníná. Mo ń retí kó máa ki Ẹ̀gbá lọ. Ó pẹ́ dáadáa kí n tó mọ̀ pé Ali Farka ni, àti pé èdè Songhai ló ń sọ. Tí mo bá wá gbọ́ Hooker ńkọ́? Kíámọ́sá ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, torí Hooker kì í rìn kiri, kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ìyẹn àkópọ̀ ohùn tí wọ́n ń ta lẹ́ẹ̀kan náà, ló máa jókòó lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbá ilẹ̀ pì pì pì, àwa tẹ́nọ̀ jìtá nínú jùjú mọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, mo ti ta ìlà kan náà láti aago mọ́kànlá alẹ́ títí àkùkọ fi kọ, ọ̀gá á kàn máa wò mí lójú, tí mo bá ṣì í ẹ̀ẹ̀kan péré owó mi dín. Àwọn tó ń ta blues ní ìlú ńláńlá, kọ́ọ̀dù mẹ́ta ni wọ́n ń yí ká, ètò tí wọ́n ń pè ní 12 bar, ọgbọ́n yẹn ti kan ṣọ́ọ̀ṣì àti dùùrù òyìnbó. Hooker sì máa ń sọ pé ọwọ́ ọkọ ìyá òun, Will Moore, lòun ti kọ́ irú tòun. Ẹ sì mọ ibi tí Will Moore ti wá? Louisiana. Mi ò sọ nǹkan kan o, mo kàn ní kí ẹ rántí ọdún 1719 tí mo kọ lókè.

Ẹ jọ̀ọ́ kí ẹnì kankan má tìtorí èyí sọ pé Mali ló bí blues. Kò sí ẹni tó ń kọ blues ní Niafunké, ìlú Ali Farka ní Mali, ní 1900. Àwọn tó bí i ni àwọn tí ìyá wọn àti bàbá wọn gba òmìnira ní 1865, tí wọ́n wá rí i pé oko òwú kan náà làwọn ṣì wà, gbèsè ni wọ́n fi so wọ́n mọ́lẹ̀ dípò irin. Ní nǹkan bí 1903 W. C. Handy, olórin dúdú kan, ń dúró de rélùwéè ní Tutwiler, ní Mississippi, oorun gbé e lọ, nígbà tó jí ó bá ọkùnrin kan tí aṣọ ẹ̀ ti gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó ń fi ọ̀bẹ fa okùn jìtá, ohùn ń yọ́ sókè yọ́ sílẹ̀. Ó gbé ìlà kan sókè, ó tún un gbé, jìtá sì ń dá a lóhùn. Tiwọn ni, ìyà tiwọn ló kọ ọ́. Àwa tí a ní lílé àti ègbè kàn lè gbọ́ ọ ká mọ̀ pé jìtá ni elégbè ẹ̀ ni.

Ibi tó wá dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹ̀yin ò tiẹ̀ fẹnu bà, ni bí okùn ṣe padà wálé. Àwọn atukọ̀ Kru láti Liberia ló gbé jìtá yí etí òkun wa ká, inú ọkọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Freetown, Accra, Èkó, ìka méjì péré ni wọ́n fi ń ta á, àtàǹpàkò ń rin béèsì, ìka kejì ń sọ̀rọ̀ lókè. Atukọ̀ Kru kan ló kọ́ Jacob Sam ará Gold Coast (Ghana òde òní), tóun àti Kumasi Trio ẹ̀ lọ gba Yaa Amponsah sílẹ̀ ní London ní 1928, gbogbo oníjìtá háílàífù tó wá lẹ́yìn ẹ̀ ló jẹ nínú orin yẹn. Ìka méjì yẹn náà ni wọ́n fi kọ́ mi. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ fi ìka mẹ́ta kún un, ẹni tó ń kọ́ mi gbá mi lọ́wọ́.

Ní Èkó, Tunde King, tó gba orin jùjú sílẹ̀ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1936, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀? Bánjò ni o! Bánjò tó ní okùn bíi ti jìtá. Òun, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti tanborín tí wọ́n ń pè ní jùjú. Ẹ dúró kí ẹ rò ó wò. Nǹkan onígbá tó kúrò ní Senegambia nínú ìdè, tó dé Jamaica, dé Virginia, tí òyìnbó gbà tó fi irin sí, tó ṣe é ní fáktírì, tó tà á káàkiri ayé, ló tún wọkọ̀ ojú omi padà wá sí Olówógbowó, tó ń bá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jókòó, tí ẹnì kankan nínú wọn ò sì mọ̀ pé ọmọ ilé ló dé. Wọ́n pè é ní nǹkan òyìnbó. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ títí mo fi lé ní ogójì ọdún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ayinde Bakare so jìtá mọ́ iná ní 1949, ọ̀rọ̀ wá yí padà pátápátá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyẹn gùn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Kìkì pé ẹ kọ ọ́ nínú àpilẹ̀kọ yín pé kò sí ohun tó kan jùjú kan okùn tó ń yọ́. Kò sí kẹ̀? Demola Adepoju ńkọ́, tó ń ta steel guitar lẹ́yìn Sunny Ade, tí gbogbo òyìnbó gbọ́ ní 1982 tí wọ́n dìde dúró? Irin ló fi ń fa ohùn yẹn, bí ẹni tí Handy rí ṣe ń fi ọ̀bẹ fa tiẹ̀. Lóòótọ́ ọ̀nà Hawaii àti orin àwọn darandaran Amẹ́ríkà ni irinṣẹ́ yẹn gbà wá, àmọ́ ẹ tẹ́tí sí ohun tó ń fi sọ, gángan ló ń dá lóhùn.

Nípa àwọn Tuareg, àwọn ará aṣálẹ̀ Sahara, ẹ kọ dáadáa níbẹ̀, mi ò ní ohun púpọ̀ láti fi kún un. Ibrahim Ag Alhabib tó dá ẹgbẹ́ olórin Tinariwen sílẹ̀ fi agolo, igi, àti wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe jìtá ẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n pa bàbá ẹ̀ ní 1963 nígbà ọ̀tẹ̀, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dàgbà síta, wọ́n gba ẹ̀bùn Grammy ní 2012. Ohun tí wọ́n ń pe irú orin wọn ni assouf, àárò ilé tó dàpọ̀ mọ́ ìdánìkanwà. Agolo yẹn ló mú mi lọ́kàn, torí ní Mississippi náà, wáyà kan ṣoṣo tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri ilé pákó lọ̀pọ̀ ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi ìgò fà á.

Ó ku àtúnṣe kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yín tó ń bọ̀ kódà tí ẹ ò bá tẹ gbogbo ìyókù. Ẹ kọ ọ́ pé Farka ni orúkọ bàbá Ali Farka Touré. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ kẹwàá ni lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, mẹ́sàn-án tó ṣáájú ẹ̀, kékeré ni gbogbo wọn ti kú. Nígbà tí èyí dé, wọ́n sọ ọ́ ní Farka, ìyẹn ni kétẹ́kẹ́tẹ́, ẹranko tó lágídí, tí ikú ò ní rí gbé sá lọ. Òun fúnra ẹ̀ máa ń fi ṣàwàdà pé kétẹ́kẹ́tẹ́ lòun àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gun òun. Ó sì dúró títí ó fi di ọkùnrin, ó roko, ó ta jìtá, ó gba Grammy lórí orin tóun àti Ry Cooder, oníjìtá ará Amẹ́ríkà, jọ ṣe ní 1994, wọ́n fi jẹ olórí ìlú ní Niafunké ní 2004, ó kú ní March 2006. Ká ní ilé wa ni wọ́n bí i sí, Kòsọ́kọ́ là bá máa pè é.

Èmi ni,
Oníjìtá kejì tó ti fẹ̀yìn tì